Ta Ló Ni Àpá Ara Ìbọn Àtijọ́?

Ẹni tó bá ra ìbọn Garand àtijọ́ ní Amẹ́ríkà yóò bá ìbéèrè kan pàdé kó tó yìn ín rárá. Ó ti tú u palẹ̀: irin lọ́tọ̀, igi lọ́tọ̀. Igi náà ti ṣú. Gírísì tí wọ́n fi kùn ún nígbà tó wà ní ìpamọ́ ti wọ inú rẹ̀ lọ. Ibi tí ọwọ́ sójà ti ń dì í mú ń dán, ẹ̀gbẹ́ kan sì ti tẹ̀ wọnú níbi tó ti forí sọ nǹkan líle. Sáńpépà wà lórí tábìlì, òróró linseed wà nínú agolo, kò sì ní gbà á lákòókò púpọ̀ láti sọ igi yìí di àrímáleèlọ. Kí ló wá dá a dúró?

Kò dá a lójú bóyá òun ló ni ohun tí òun fẹ́ fá kúrò. Owó rẹ̀ ló fi ra igi, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn nínú. Àpá tó wà lára igi ńkọ́?

John Garand, tí wọ́n bí sí Kánádà ní 1888, ló ṣe ìbọn náà nílé iṣẹ́ ìbọn ìjọba ní Springfield, ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ọdún 1936 ni iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà gbà á wọlé. Nígbà tí wọ́n fi máa dáwọ́ dúró ní 1957, wọ́n ti ṣe èyí tó lé ní mílíọ̀nù 5. Igi walnut ni wọ́n fi ń ṣe ìdí rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìbọn tó bá yege lọ́wọ́ àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò máa ń gba òǹtẹ̀ sára igi lápá òsì: lẹ́tà SA fún Springfield, lẹ́tà orúkọ ọ̀gá tó wà lórí oyè lábẹ́ rẹ̀, àti àwòrán ìbọn àgbá méjì tó dábùú ara wọn. Lẹ́tà P tún wà níbi ìdìmú, tó ń sọ pé wọ́n ti fi ọta tó le ju ti ojoojúmọ́ dán an wò, kò sì bẹ́.

Òǹtẹ̀ wọ̀nyí kò jìn. Bí sáńpépà bá ti gba orí wọn kọjá bíi mélòó kan, lẹ́tà á kọ́kọ́ di bàìbàì, ìlà tó yí i ká á wá já sí wẹ́wẹ́, kí onítọ̀hún tó mọ̀, ojú igi á ti mọ́ roro. Bí àwọn baba wa ṣe ń wo ilà ojú tí wọ́n fi ń mọ ibi tí èèyàn ti wá, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó mọ ìbọn ń ka ara igi yìí. Ó lè tibẹ̀ mọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ó sì lè mọ sáà tí wọ́n ṣe é.

Àwọn kan á ní ariwo lásán nìyẹn, pé ìbọn náà kì í ṣe ti ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ tẹ́lẹ̀. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Lẹ́yìn ogun, iléeṣẹ́ ológun fúnra rẹ̀ tú ọ̀kẹ́ àìmọye Garand palẹ̀, wọ́n pààrọ̀ èyí tó bàjẹ́, wọ́n sì fi igi ìbọn kan sí irin ìbọn mìíràn. Plutarch, òǹkọ̀wé Gíríìkì àtijọ́, ti sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ ojú omi Theseus, akọni inú ìtàn Gíríìkì, tí àwọn ará Athens ń yọ pákó rẹ̀ tó bá jẹrà, tí wọ́n ń fi tuntun rọ́pò, títí àwọn onímọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn bóyá ọkọ̀ kan náà ṣì ni. Ní 1655, Thomas Hobbes, onímọ̀ ọgbọ́n orí, dá kún un: bí ẹnì kan bá ṣa àwọn pákó àtijọ́ jọ, tó tún fi wọ́n kan ọkọ̀, èwo wá ni ti Theseus nínú méjèèjì?

Ìbéèrè tó dùn ún jẹ lẹ́nu ni, àmọ́ kò kan ibi tó ń dun ẹni tó mú sáńpépà dání. Pé nǹkan yí padà kọ́ ni ẹjọ́. Ẹni tó láṣẹ láti yí i padà ni ká wá.

Ẹ wo Ise ní Japan. Ọdún 20, 20 ni wọ́n ń tún ojúbọ Amaterasu, òrìṣà oòrùn wọn, kọ́ látòkèdélẹ̀ pẹ̀lú igi tuntun. Ọdún 690 ni àṣà náà bẹ̀rẹ̀, ogun dá a dúró nígbà kan, síbẹ̀ ti 2013 ni ẹlẹ́ẹ̀kejìlélọ́gọ́ta. Kò sí olùjọsìn tó ń sunkún igi àtijọ́. Ẹ wo Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo náà. Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, dé Nàìjíríà ní 1950. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Adébísí Àkànjí tún ojúbọ tó ń wó lọ ṣe, wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì mọ àwọn ère tí ojú kò rí rí níbẹ̀. Ní 2005, UNESCO kọ igbó náà mọ́ àwọn ogún àjùmọ̀ní gbogbo ayé. Lónìí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń bọ Ọ̀ṣun.

Ohun tí Ise àti Òṣogbo fi jọra ni pé àwọn tó ni nǹkan náà ṣì wà nídìí rẹ̀. Àwòrò wà, olùjọsìn wà, ẹni tó lè sọ pé èyí tọ́, èyí kò tọ́, wà. Iléeṣẹ́ ológun náà láṣẹ nígbà tó ń pààrọ̀ igi ìbọn tirẹ̀, kódà ó buwọ́ lù ú: èyí tó gba ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ Red River ní Texas kọjá lè ní RRA lára. Springfield ńkọ́? Ìjọba ti tì í pa ní 1968, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló wà níbẹ̀ báyìí. Òǹtẹ̀ tó bá ti lọ, kò sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti tún un lù. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká fá a.

Ó tún ku ohun kan. Irú ìbọn yìí dé Normandy ní 1944, ó dé Korea. Ohun èlò ìpànìyàn ni. Ẹni tó bá fá a títí ó fi dán bí àga pálọ̀ ti mú kó rọrùn fún ojú láti gbàgbé ohun tí wọ́n fi ṣe.

Èyí kò ní kí ẹnikẹ́ni fi ìdọ̀tí sílẹ̀. Gírísì kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun. Ó ṣeé nù, ó sì yẹ kó kúrò. Ibi tó tẹ̀ wọnú pàápàá kò nílò sáńpépà bí ẹni tó ni ín bá fẹ́ kó dìde: wọ́n á rẹ aṣọ sómi, wọ́n á tẹ́ ẹ lé e, wọ́n á fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Omi àti ooru á mú kí iṣan igi tó ti tẹ̀ pa wú padà. Kò ní kan òǹtẹ̀, bí wọ́n bá ti jìnnà sí i. Òǹtẹ̀ náà ṣáà jẹ́ ibi tó tẹ̀ wọnú, ooru kan náà lè gbé e dìde. Òróró linseed tín-ín-rín ló kàn, kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa á wọlé, kí wọ́n nu èyí tó bá ṣẹ́ kù.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí sójà tó ti kú, tó wá kan àwọn tó ń sùn nínú ilé. Òróró linseed kì í gbẹ bí omi ti ń gbẹ. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń dà pọ̀ mọ́ ọn tó fi ń le, ooru sì ń jáde. Àkísà tó mu ún, tí wọ́n ká jọ sí kọ̀rọ̀, lè gbiná fúnra rẹ̀. Ní February 1991, irú àkísà bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń tún ara igi ṣe fi sílẹ̀ ló dá iná sílẹ̀ ní One Meridian Plaza, ilé alájà 38 ní Philadelphia. Panápaná 3 ló kú. Kí wọ́n tẹ́ àkísà síta kó gbẹ, tàbí kí wọ́n rì í sómi nínú agolo onírin tó lọ́mọrí.

Èyí tó burú jù lọ kì í ṣe sáńpépà. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fá igi tán, tí wọ́n á wá fi òǹtẹ̀ ayédèrú lu SA sí i, kí owó rẹ̀ lè gòkè. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ń fi irin búra ní kóòtù, torí Ògún ló ni irin, Ògún kì í sì í gba irọ́. Ó ti pẹ́ tí a ti gbà pé nǹkan tí kò lẹ́nu lè dúró bí ẹlẹ́rìí. Òfin Mósè náà kò fàyè gba ẹ̀rí èké. Ẹni tó lu òǹtẹ̀ ayédèrú ti ki ọ̀rọ̀ bọ òkú lẹ́nu, ó sì ti gba owó lé e.

Ìbọn tí ẹlòmíràn ti fá òǹtẹ̀ rẹ̀ kúrò ńkọ́? Kí ẹni tó rà á kùn ún bó ṣe wù ú, kò pa ẹ̀rí kankan. Ó lè ra igi tuntun pàápàá, kó sì fi sáńpépà ṣe é tẹ́rùn. Gbèsè tó jẹ kò ju kó sọ òótọ́ fún ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àyè sì wà fún un: ìdí Garand ní ihò lábẹ́ pẹpẹ irin tó ní ìlẹ̀kùn kékeré, níbi tí sójà ń kó ohun ìnubọn rẹ̀ sí. Bébà kékeré kan lè wọ ibẹ̀, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ṣe, ọdún tí wọ́n ṣe é, àti òróró tí wọ́n lò.