Ta Ni Ó Ni Ìjà?

Ìdajì tíkẹ́ẹ̀tì kan wà lọ́wọ́ bàbá mi àgbà ní Fìdítì, ó ti gbó bí ewé gbígbẹ. Inú Bíbélì ni wọ́n fi í sí. Òun ni wọ́n fi wọ pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 10 oṣù August 1963, nígbà tí Dick Tiger na Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà, tí Fullmer kò sì lè jáde fún abala kẹjọ. Orí ẹrù ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni Bàbá jókòó sí dé Ìbàdàn.

Ní ọdún tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ra ohun àtijọ́ wá, ó sì dárúkọ owó tí ó tó láti pààrọ̀ páànù ilé tí ń jò. Bàbá wò ó títí.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o wà níbẹ̀ ni?"

"Rárá o, Bàbá. Wọn kò tíì bí bàbá mi pàápàá."

"Kí wá ni o fẹ́ fi ṣe?"

Ọmọ náà kò fèsì, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí àbúrò bàbá mi tí ń gbé Ìlọrà gbọ́, inú bí wọn gidigidi. Wọ́n ní ṣé ìwé ni a ó fi bo orí nígbà òjò? Wọ́n ní kí èmi akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì dá ẹjọ́ náà. Ẹ gbà mí o, ta ni èmi láti dájọ́ láàárín bàbá àti ọmọ?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a máa ra ohun tí ó kù lára ìjà ẹlòmíràn? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan ń kó ohun ìgbà tí a ń fi ọwọ́ lásán ja ẹ̀ṣẹ́ jọ, kí òfin Queensberry ti ọdún 1867 tó sọ ìbọ̀wọ́ di dandan. Wọ́n ń ra àwòrán àti ère amọ̀ kékeré ti Tom Cribb àti Tom Molineaux, tí wọ́n gbé ẹ̀ṣẹ́ sókè síra wọn. Ènìyàn dúdú ni Molineaux, láti Amẹ́ríkà níbi tí wọ́n ti ń fi irú wa ṣe ẹrú. Ó bá Cribb jà ní oṣù December 1810, wọ́n tún pàdé ní oṣù September 1811, níbi tí Cribb ti fọ́ ọ lágbọ̀n. Nínú òṣì ni ó kú sí Galway ní Ireland ní ọdún 1818. Ère rẹ̀ wá ń jókòó nínú àpótí onídígí. Amọ̀ rí olùtọ́jú, ẹran ara kò rí.

N kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni àwọn tí ń rà á ń dá. Bí kì í bá ṣe wọn, bóyá èmi kì bá tí gbọ́ orúkọ Molineaux. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé àgbọ̀n fífọ́ yẹn wà lára ohun tí ó sọ ère náà di ọ̀wọ́n.

Dick Tiger náà gba àmì oyè M.B.E. lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1969 ó dá a padà, nítorí ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ń ṣe fún ìjọba Nàìjíríà nínú ogun Biafra. Ìhà yòówù kí òǹkàwé wà nínú ogun náà, ẹ wo ohun tí ọkùnrin yìí ṣe: nígbà tí àdéhùn bàjẹ́ lójú rẹ̀, irin lásán ni irin náà dà.

Nítorí náà mo sọ fún Bàbá pé wọ́n lè ta tíkẹ́ẹ̀tì náà, bí a bá ti kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ìwé nìkan ni olówó lè rà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Kọ ọ́ ná."

Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n jókòó sí. Orí àwọn èrò ni wọ́n rí ju àwọn oníjà lọ. Ariwo ni wọ́n fi mọ̀ pé Tiger ti borí.

Tíkẹ́ẹ̀tì náà ṣì wà nínú Bíbélì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àbúrò bàbá mi gbé páànù mẹ́rin wá láti Ìlọrà, wọ́n kàn án mọ́ òrùlé, wọn kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi lọ.