Ta Ni Ó Ni Àṣẹ Lórí Ogun?

Ẹ̀yin ìyá mi àti ẹ̀yin arábìnrin, ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ kíláàsì máa ń bi mí nígbà tí mo ń kọ́ wọn ní ìtàn: bí ọ̀gágun bá rí i pé àṣẹ olórí ìlú kò dára, ṣé kí ó dákẹ́ ni? Ogun Kòríà ni mo fẹ́ kí a fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní June 1950, àwọn ọmọ ogun Àríwá Kòríà ya wọ Gúúsù. Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè ní kí a ran Gúúsù lọ́wọ́, Ọ̀gágun Douglas MacArthur ti Amẹ́ríkà ni ó sì ṣe olórí ogun náà. Akọni ni, ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn rẹ̀. Ní September, ó kó ọmọ ogun gba ojú omi gúnlẹ̀ sí Incheon lẹ́yìn ọ̀tá, ogun sì yí padà. Ṣáínà ránṣẹ́ ìkìlọ̀ nípasẹ̀ aṣojú Íńdíà pé bí Amẹ́ríkà bá wọ Àríwá, àwọn yóò dá sí i. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò ka ìkìlọ̀ náà sí. Ní October, MacArthur fi dá Ààrẹ Truman lójú pé kò dájú pé Ṣáínà yóò wá. Kí November tó parí, wọ́n ti dé lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n sì lé àwọn Amẹ́ríkà padà sẹ́yìn.

Ibẹ̀ ni èdè àìyedè ti le. Ọ̀gágun fẹ́ kí wọ́n ju bọ́ǹbù sí ilẹ̀ Ṣáínà gan-an, kí wọ́n sì dí etíkun rẹ̀ pa. Truman kọ̀, nítorí ó ń bẹ̀rù kí Rọ́ṣíà má baà wọ̀ ọ́, kí ó sì di ogun àgbáyé kẹta.

Agbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀gágun ni ó ń rí òkú àwọn ọmọ tí ó ń darí. Ọ̀tá ń ti òdìkejì odò Yalu wá, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ibùdó wọn níbẹ̀. Ìyá wo ni ọmọ rẹ̀ wà lójú ogun tí kò ní í fẹ́ kí wọ́n jà á parí?

Kò sí ohun tó burú nínú kí ó sọ èyí fún Ààrẹ. Ṣùgbọ́n ní December 1950, Truman ti pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ síta lórí irú ọ̀ràn yìí láìgba àṣẹ. Ní March 1951, bí Truman ti ń múra láti wá àlàáfíà, ọ̀gágun gbé ìkéde tirẹ̀ jáde, ó fi halẹ̀ mọ́ Ṣáínà. Ó tún kọ lẹ́tà sí olórí ẹgbẹ́ alátakò nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, èyí sì kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ayé. Ní April 11, Truman yọ ọ́. Àwọn ará ìlú bú Ààrẹ, wọ́n sì fi ìlù àti ayọ̀ pàdé MacArthur. Síbẹ̀, àwọn ọ̀gá ológun tó ga jù ní Washington, tí wọ́n jẹ́ jagunjagun bíi tirẹ̀, ti Truman lẹ́yìn.

Èmi gbà pé Truman ṣe é dáadáa. Bí ẹni tó mú ìbọn dání bá ń ṣa àṣẹ tí yóò tẹ̀ lé, ìjọba ti bọ́ lọ́wọ́ ará ìlú nìyẹn. Àwa ọmọ Nàìjíríà tí a lo ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ ológun láàárín 1966 sí 1999 kò nílò olùkọ́ lórí èyí. Bí ẹ̀rí ọkàn ọ̀gágun kò bá gbà á, kí ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, kí ó wá sọ tẹnu rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ará ìlú.

Ṣùgbọ́n n kò ní fọ Truman mọ́. Òun náà ló fọwọ́ sí i kí wọ́n wọ Àríwá nígbà tí ìṣẹ́gun ń dùn. Nígbà tí ìjíròrò àlàáfíà sì bẹ̀rẹ̀ ní July 1951, ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi sọ ọ́. Ohun tó dá wọn dúró jù ni pé Truman kọ̀ láti fi ipá dá àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun tí kò fẹ́ lọ padà sílé. Ìwà ọmọlúàbí ni. Àwọn ọmọ ẹlòmíràn sì ń kú lórí òkè nígbà náà, títí di July 27, 1953, tí ààlà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀, n kò tíì lè dá a lẹ́bi.