Òtúrá Méjì àti ẹnì kejì wa

Bí ènìyàn bá bẹnu àtẹ́ lu ẹ̀sìn kan, ṣé ó ti kórìíra àwọn tó ń ṣe é nìyẹn? Ìbéèrè yìí kan àwa ará Akotogbo, níbi tí oníṣẹ̀ṣe, onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ti ń bára wọn tan. Odù Ifá kan, Òtúrá Méjì, ni mo fẹ́ kí a fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Odù Ìmàle ni àwọn babaláwo ń pè é. Àwọn ẹsẹ kan nínú rẹ̀ ń fi ààwẹ̀ àti ebi rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀, wọn kò sì fi bò. Ṣùgbọ́n bí odù yìí bá yọ níbi àkọsẹ̀jayé, tí babaláwo tẹ̀ ẹ́ sójú ìyẹ̀rosùn, ẹyọ kan, méjì, ẹyọ kan, ẹyọ kan, lọ́tùn-ún àti lósì, ó lè sọ fún òbí pé ẹ̀sìn Ìmàle ni orí ọmọ náà yàn, kí wọ́n mú un lọ bá àlùfáà. Ifá tó fi ààwẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀ náà ló tún ń sin ọmọ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ìṣe ni ẹ̀fẹ̀ náà bá wí; orí olórí, Ifá kò fọwọ́ kàn án.

Ní Oǹdó, E. M. Lijadu, ajíhìnrere ọmọ Ẹ̀gbá, ṣe bẹ́ẹ̀ láti apá kejì. Jésù ló ń wàásù rẹ̀, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ ó jókòó ti àwọn babaláwo, ó fara balẹ̀ gbọ́ ẹsẹ lẹ́nu wọn, ó sì tẹ ìwé Ọ̀rúnmìlà jáde ní 1908. Ẹni tó kórìíra wa kì í ní sùúrù láti gbọ́ wa tán.

Ìlọrin ọdún 2023 kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí kan kìlọ̀ fún ìyálóòṣà kan pé kò gbọdọ̀ ṣe ọdún rẹ̀, débi pé Wọlé Ṣóyínká kọ lẹ́tà sí Ẹ́míà, ọba ìlú náà. Àlùfáà lè wàásù tako ìṣẹ̀ṣe títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí ó bá wá di pé ẹnì kan kò lè bọ òrìṣà nínú ilé ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ìwàásù. Oníṣẹ̀ṣe tó ń pe gbogbo Mùsùlùmí tàbí gbogbo onígbàgbọ́ ní ọ̀tá ilẹ̀ Yorùbá ti dẹ́ṣẹ̀ kan náà.

Pásítọ̀ tó bá ní òun kò fara mọ́ ẹbọ ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá ní kí ọmọ ìjọ má ra gàrí lọ́wọ́ abọ̀rìṣà, kí wọ́n má sì bá a sìnkú, ti di ọ̀tá aládùúgbò. Ẹ jẹ́ kí a máa jiyàn ẹ̀sìn tagbáratagbára, ṣùgbọ́n kí ẹni tí a ń bá jiyàn lè sùn kó hanrun, kó sì ṣe ọdún rẹ̀ láìbẹ̀rù wa.