Ta Ni Yóò Wá Wa Lábẹ́ Òjò Dídì?

Ọyẹ́ ni òtútù tí a mọ̀ ní Moretan. Òkè Agou, tó ga ju gbogbo òkè Tógò lọ, kò tó 1,000 mítà, òjò dídì kì í sì í rọ̀ síbẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ òjò dídì ti wọ ilé wa. Ní ọdún 2014, ní Sochi ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, Tógò kọ́kọ́ kópa nínú Ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù. Àwọn tó ṣojú rẹ̀ ni Alessia Afi Dipol àti Mathilde-Amivi Petitjean, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Tógò, tí òun fúnra rẹ̀ sì dàgbà láàrin àwọn òkè Haute-Savoie. Àwọn ọmọ wa tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Grenoble tàbí ní Lyon kò jìnnà sí irú òkè bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ a pè wọ́n ní ìparí ọ̀sẹ̀, wọn a háyà snowboard, ìyẹn pákó kan ṣoṣo tí a so mọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì, wọn a sì gòkè lọ. Nítorí wọn ni a ṣe fẹ́ gbé ìbéèrè kan yẹ̀ wò níhìn-ín: ǹjẹ́ ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu nítorí ayọ̀, nígbà tó mọ̀ pé bí òun bá sọnù, àwọn ẹlòmíràn ni yóò wá òun?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ fún ayọ̀ náà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Òjò dídì tí ìjì ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sílẹ̀ lóru kì í ṣe yìnyín líle. Afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó fúyẹ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Poudreuse ni àwọn Faransé ń pè é. Pákó kì í ha ilẹ̀ lórí rẹ̀, ńṣe ló ń léfòó. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ kì í gbọ́ ariwo kankan àfi èémí ara rẹ̀. Èdè wa fi ọ̀rọ̀ kan náà, yọ̀, pe ohun tí ẹsẹ̀ ń ṣe lórí ilẹ̀ tútù àti ohun tí ọkàn ń ṣe nígbà tí inú bá dùn. A kò mọ èdè mìíràn tí ọ̀rọ̀ yìí ìbá ti bọ́ sí i tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kì í pẹ́. Nígbà tí oòrùn bá fi kan àtàrí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ fi ń jí ní ìdájí, nígbà tí ìjì kò tíì dá tán, kí wọ́n lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Òjò dídì titun gun orí èyí tó ti wà nílẹ̀, wọn kò sì tíì lẹ̀ mọ́ra. Ẹ̀fúùfù tún kó o jọ gègèrè sí ẹ̀yìn òkè. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó dà tó dìgírì 30 sí 45, ìwúwo ẹnì kan ṣoṣo lè já gbogbo rẹ̀ wálẹ̀. Avalanche nìyẹn. Nínú àwọn tí ó ń pa lórí eré yìí, ọ̀pọ̀ jù lọ ló jẹ́ pé àwọn fúnra wọn, tàbí ẹni tí wọ́n jọ jáde, ló já a. Òwúrọ̀ tó dùn jù lọ ni òwúrọ̀ tó léwu jù lọ, ìjì kan náà ló bí àwọn méjèèjì. A máa ń sọ pé ẹni jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Lórí òkè yìí, ẹni tí kò jìn ló ń ṣi ará yòókù lọ́nà: ipa ẹni tó kọjá láyọ̀ wà níbẹ̀ kedere, ẹ̀yìn a tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ òjò dídì tó gba ẹni kìíní lè já mọ́ ẹni kẹwàá lẹ́sẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àgbà wa yóò ní ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹni tó gun ọ̀pẹ, nítorí ẹmu àti epo ló ṣe gùn ún, ewu tirẹ̀ ní ìdí. Kí ni ẹni tó ń yọ̀ lórí òkè mú bọ̀ wálé? A kò fara mọ́ èyí. Ẹ wo tchébé, ijó orí igi gíga tí a fi mọ àwa Ifẹ̀ agbègbè Atakpamé. Ọ̀dọ́mọkùnrin so igi mọ́ ẹsẹ̀, ó ga kọjá orí gbogbo èrò, ó ń yí, ó ń fò. Kò mú iṣu kan ṣoṣo wálé. Bí ó bá já bọ́, egungun lè ṣẹ́. Síbẹ̀ a kì í pè é ní òmùgọ̀. Ìlù ni a ń lù sí i. Bí fífi ara wewu nítorí ẹwà bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, a ti dá a kí a tó gbọ́ orúkọ snowboard.

Ìyàtọ̀ wà níbòmíràn. Oníjó tchébé ń jó ní gbangba, lójú àwọn tó kọ́ ọ, lórí ilẹ̀ tí gbogbo wọn mọ̀. Bí ó bá ṣubú, àárín àwọn ènìyàn rẹ̀ ló ṣubú sí, kò sì sí ẹni tó ní láti gun igi kí ó tó lè gbé e dìde. Lábẹ́ avalanche, ẹni tó ń wá ẹni tó sọnù gbọ́dọ̀ wọ inú ewu kan náà. Òkè tó já lẹ́ẹ̀kan lè tún já, bí ìjì bá sì ń jà, ẹlikópítà kò lè fò. Àkókò kò sì sí: láàrin ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́, a ń bá ọ̀pọ̀ wọn láàyè, nígbà tó bá fi di ìdajì wákàtí, díẹ̀ ló ṣẹ́ kù. Nítorí náà, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹni, tí wọ́n gbé ẹ̀rọ DVA, ọkọ́ àti ọ̀pá gígùn lọ́wọ́, ni yóò kọ́kọ́ walẹ̀.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kejì ọdún 2012, Friso, ọmọ ọbabìnrin ilẹ̀ Họ́láńdì, kúrò ní ojú ọ̀nà tí a sàmì sí ní Lech, ní ilẹ̀ Austria, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Ìkìlọ̀ avalanche ọjọ́ náà wà ní ipele kẹrin nínú márùn-ún. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kí wọ́n tó hú u jáde. Ọpọlọ rẹ̀ ti bàjẹ́ nítorí àìsí afẹ́fẹ́, ó sì kú ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 2013. Fún ọdún kan àbọ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ni ìyàwó, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì àti ìyá rẹ̀ fi ru ẹrù òwúrọ̀ kan.

A lè sọ pé iṣẹ́ àwọn adóòlà ni, wọ́n ń gba owó lé e. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó oṣù kì í sọ ẹ̀mí ẹni di ohun ìṣeré ẹlòmíràn. Òfin pàápàá rí i. Ní ọdún 1999, Cour de cassation ilẹ̀ Faransé fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀bi àwọn oní-snowboard kan tí wọ́n gba ọ̀nà tí a ti tì nítorí ewu avalanche. Ẹ̀sùn wọn ni pé wọ́n fi ẹ̀mí ẹlòmíràn wewu. (Kí a má fi igbá kan bo ọ̀kan mọ́lẹ̀: àwọn ibùdó òkè náà ń fi àwòrán òjò dídì tí ẹsẹ̀ kankan kò tẹ̀ polówó ara wọn, wọn a sì tún fi okùn dí i. Ẹni tó ń ta ìyánhànhàn ní ìpín tirẹ̀ nínú ẹ̀bi.)

Ọ̀dọ́ kan lè wá sọ pé: èmi nìkan ni yóò lọ, n ó sì kọ ìwé sílẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá mi. Èyí ni àwíjàre tó lágbára jù, òun náà ló sì kọ́kọ́ wó. Ta ni yóò tẹ̀ lé ìwé náà? Ọmọ ẹni kú yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Ìyá tí a fi fóònù sọ fún ní Moretan pé ọmọ rẹ̀ wà lábẹ́ òjò dídì, níbi kan tí a kò mọ̀, kò ní béèrè ohun tí ọmọ náà kọ. Àwọn pisteurs tó ń ṣọ́ òkè kò ní béèrè. Ẹ̀mí lè jẹ́ tiwa láti fi wewu. Wíwá tí a ó wá wa kì í ṣe tiwa láti fagi lé.

A kò torí èyí sọ pé kí àwọn ọmọ wa má gòkè. Ní ìdájí lẹ́yìn ìjì, àwọn pisteurs máa ń fi ohun abúgbàù já òjò dídì tó léwu wálẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ọ̀nà. Ohun tí a ń béèrè ni kí wọ́n dúró di ìgbà tí okùn bá kúrò. Ó nira ju bí ó ti dún lẹ́nu lọ. Wọn yóò dúró nínú òtútù, wọn yóò máa wo àwọn mìíràn tí ń tẹ̀ ba kọjá lábẹ́ okùn, tí ọ̀pọ̀ wọn yóò sì dé ìsàlẹ̀ láyọ̀, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Nígbà tí ọ̀nà bá fi ṣí, wọ́n lè dé ibẹ̀ kí wọ́n bá a pé a ti tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àdánù gidi ni, a kò sì ní pè é ní nǹkan mìíràn.