Ẹni Tó Mọ̀ Ọ́n Kà, Kó Mọ Òótọ́

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ń fún akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti mú ìtúpalẹ̀ dátà kún olórí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tàbí ìtàn ló wá kọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀, nígbà tí Bosun Tijani di mínísítà, gbé ètò 3MTT kalẹ̀ láti kọ́ mílíọ̀nù 3 ènìyàn ní iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ìtúpalẹ̀ dátà wà lára rẹ̀. Ilẹ̀kùn ti ṣí, àmọ́ gbogbo ẹni tó bá wọlé kọ́ ló ń di ọ̀gá.

Ẹ jẹ́ ká mú un wá sí ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Yunifásítì tó wà ní Òkìtìpupa ń jẹ́ orúkọ Olúṣẹ́gun Àgágù, ọmọ Ìjù-Odò, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta tó ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó di gómìnà Oǹdó. Oko ọ̀pẹ, rọ́bà àti ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe púpurú ló yí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ká.

Ká ní ọ̀kan nínú wọn gba ìwé àkọsílẹ̀ oko ọ̀pẹ kan. Ọ̀sẹ̀ kìíní, wọ́n kọ ìdì ẹyìn 40. Ọ̀sẹ̀ kejì, 44. Ọ̀sẹ̀ kẹta, àyè ṣófo. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, 36. Bó bá fi 0 dí àyè tó ṣófo, 30 ni kọ̀ǹpútà máa sọ pé wọ́n ń kọ lọ́sẹ̀. Bó bá fi àyè náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, 40 ló máa sọ. Ìyàtọ̀ yìí tó kí olóko ní kí wọ́n gé ọ̀pẹ tí kò ṣẹ̀. Ṣé òjò dí ọ̀nà tí wọn ò fi kọ ẹyìn rárá ni, àbí akọ̀wé ni kò wá? Ẹ̀rọ kò mọ̀. Àfi kí ọmọ náà wọ bàtà rẹ̀, kó lọ bi àwọn tó ń kọ ẹyìn. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ẹ̀kọ́ ìtúpalẹ̀ dátà kò lè dá dúró. Ẹni tí kò mọ̀ pé ọ̀pẹ ní ìgbà ọ̀pọ̀ àti ìgbà ọ̀wọ́n, kí ló fẹ́ rí nínú iye? Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Ẹ wo Florence Nightingale, nọ́ọ̀sì ni. Lẹ́yìn ogun Crimea, ó ya àwòrán iye àwọn ọmọ ogun tó kú, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1858: àrùn ló pa wọ́n ju ọgbẹ́ ogun lọ. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló jẹ́ kó mọ ohun tó yẹ kó kà. Iye tó kà ló jẹ́ kí àwọn aláṣẹ gbọ́.

Ṣùgbọ́n a kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Kò sí àkọsílẹ̀ tí kò ní àbùkù, ọ̀gá ni ẹni tó bá sọ àbùkù tirẹ̀ síta. Àwa náà mọ àwọn tó ń jókòó sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ń fi bírò kan náà dáhùn ọgọ́rùn-ún ìwé ìbéèrè, tí wọ́n á sì ya àwòrán mèremère lé e lórí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹni tó kó irọ́ sínú kọ̀ǹpútà, irọ́ náà ni yóò kó jáde, bó ti wù kó dán tó.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kọ́ ọ, ohun yòówù tí ẹ wá kà. Ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ tó bi wọ́n ní iye tí wọ́n rí, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bí wọ́n ṣe rí i.