Ẹ̀rí Inú Ilẹ̀

Ta ni yóò sọ ìtàn ẹni tí a pa? Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìbéèrè yìí kò rọrùn, nítorí apànìyàn ni ó máa ń ṣẹ́kù láti rojọ́. Òkú kì í fọhùn.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1940, àwọn ará Jámánì sé àwọn Júù ìlú Warsaw ní Pólàńdì mọ́ inú odi. Wọ́n lé ní 400,000. Ebi àti àrùn sì ń pa wọ́n lójoojúmọ́. Onítàn kan wà láàárín wọn, Emanuel Ringelblum. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pàdé níkọ̀kọ̀ ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n sì pe ara wọn ní Oyneg Shabes, èyíinì ni Ayọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi. Ohun gbogbo ni wọ́n ń kó jọ: àròkọ ọmọ ilé-ìwé, káàdì oúnjẹ, títí kan ìwé tí a fi ń wé súìtì.

Wọn kò fi ẹ̀bi àwọn ènìyàn tiwọn pamọ́. Ní ọdún 1942, tí a kó nǹkan bí 265,000 lọ sí Treblinka láti fi èéfín pa wọ́n, àwọn ọlọ́pàá Júù wà lára àwọn tí ń lé ará wọn sínú ọkọ̀ ojú irin. Ẹgbẹ́ náà kọ èyí pẹ̀lú.

Ẹnìkan lè wí pé kò yẹ, pé ọ̀tá yóò fi í ṣe àwáwí. Ọ̀rọ̀ náà wúwo, ṣùgbọ́n èmi kò gbà á. Ẹ̀rí tí a yọ búburú inú rẹ̀ kúrò, ta ni yóò gba rere rẹ̀ gbọ́? Bákan náà, kì í ṣe nítorí pé ènìyàn jẹ́ mímọ́ ni kò fi yẹ kí a pa á. Jíjẹ́ tí ó jẹ́ ènìyàn ti tó. Ọ̀tá sọ pé wọn kì í ṣe ènìyàn. Àwọn kọ ara wọn sílẹ̀ bí ènìyàn, tìtìjú tiyìtiyì.

Wọ́n ri àpótí irin mẹ́wàá mọ́lẹ̀ ní 1942, àti garawa wàrà méjì ní 1943. Ní 1944, wọ́n pa Ringelblum, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn. Nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà, mẹ́ta péré ni a mọ̀ pé ogun kò pa. Ọ̀kan nínú wọn, Hersz Wasser, ni ó júwe ibẹ̀ tí a fi hú àwọn àpótí náà ní 1946; a rí garawa méjèèjì ní 1950.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ní láti kọ́kọ́ kọ òtítọ́ náà sílẹ̀, ní odindi. Ìwọ tí o ń kọ ìtàn ìran rẹ, kí ni o ti yọ kúrò níbẹ̀?