ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: Ọkọ̀ Tó Sọnù Lọ́wọ́ Olùṣọ́

Bíbélì kíkà: Joṣua 7, Lefitiku 5:1

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ ní Ọba Akran àti Agidingbi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà Agége, ẹ rọra kà á, kí ẹ má bàa kọjá ibi tí ẹ ti fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀ o.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Tí olè ojú omi bá mọ̀ pé àwọn ọmọ ogun ojú omi ń wá òun kiri, ibo ló máa sá pamọ́ sí? Ẹlòmíì á ní inú igbó etí omi. Ẹlòmíì á ní àárín òkun. Ta ló máa sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun yẹn gan-an?

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2003, àwọn ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà mú ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ MT African Pride. Epo rọ̀bì 11,300 tọ́ọ̀nù ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ní epo olè ni. Wọ́n mú àwọn ará Rọ́ṣíà tó ń tù ú, ọkọ̀ sì wà ní àhámọ́ ìjọba. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 2004, a wá ọkọ̀ títí, a ò rí i mọ́.

Mo jókòó, mo ṣírò epo yẹn. Tí ẹ bá rọ ọ́ sínú tírélà oní-33,000 lítà, ó máa tó nǹkan bí irinwó tírélà. Ẹ tò wọ́n ní ìlà kan ṣoṣo láti Ìkẹjà Along, ẹni tó wà nínú èyí tó ṣáájú á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wo Ìyànà Ìpájà. Irú ẹrù yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi sábẹ́ aṣọ.

Ní oṣù kìíní ọdún 2005, ilé ẹjọ́ àwọn ológun dá ọ̀gá ológun ojú omi méjì lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n lé wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n dá ẹnì kẹta sílẹ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn, èmi kọ́ ni adájọ́ wọn. Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá kọ́ ló ń gbé mi lọ́kàn. Ẹni kékeré ni mò ń rò. Ṣé kò sẹ́ni tó rí i nígbà tí ọkọ̀ yẹn ń ṣí kúrò níbẹ̀ ni? Ṣé kò sẹ́ni tó gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì? Tí ẹnì kan bá rí i, tí kò gba kọ́bọ̀, àmọ́ tó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣé olè ni onítọ̀hún?

Ìdí tí mo fi ń bèèrè rèé. Kí n tó lọ sílé ẹ̀kọ́ Bíbélì, mo ṣiṣẹ́ sítọ́ọ̀ nílé iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Ọgbà. Ọ̀gá wa ló máa ń darí àdúrà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dùn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìwé ẹrù sọ pé igba páálí. Mo kà á bí wọ́n ṣe ń kó o sọ́kọ̀: òjìlénígba. Mo wo ọ̀gá, ọ̀gá wò mí. Ó ní, "Brother, sáà fọwọ́ sí i." Mo fọwọ́ sí i. Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí i. Mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ rí, ohun tí mo sì fi ń tu ara mi nínú nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n ka ọjà, tí kò pé, Bàbá tó ń ṣọ́ géètì ni wọ́n mú. Wọ́n ní ó ti ní láti máa sùn lóru. Bàbá yìí máa ń bu búrẹ́dì Agége àti ẹ̀wà rẹ̀ fún mi tí owó bá tán lọ́wọ́ mi. Wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì, wọ́n bi mí níwájú rẹ̀ bóyá mo rí ohunkóhun. Mo ní, "Mi ò rí nǹkan kan, sà." Bàbá ò sọ̀rọ̀. Ó kàn gbé báàgì rẹ̀. Wọn ò san owó oṣù yẹn fún un.

Tí a bá ka Joṣua 7, Akani ni gbogbo wa máa ń dá lẹ́bi: ẹ̀wù àtàtà, fàdákà àti wúrà tó rì mọ́lẹ̀ nínú àgọ́ rẹ̀, ní àárín àwọn èèyàn Ọlọ́run. Àmọ́ ẹ tún un kà. Ọkùnrin bíi 36 ló kú ní Ai. Kò sí ìkankan nínú wọn tó mú nǹkan kan. Lefitiku 5:1 ní tiẹ̀ ò tiẹ̀ dárúkọ olè rárá. Ẹni tó rí, tó mọ̀, tí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì dákẹ́ ni ó ń bá wí.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíì máa sọ. "Evangelist, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹ máa fún mi níṣẹ́ tí wọ́n bá lé mi?" Ọ̀rọ̀ gidi ni, mi ò ní fi ẹsẹ Bíbélì bò ó mọ́lẹ̀. Ìbẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Èmi náà bẹ̀rù. Bó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ nìkan ló pàdánù, bóyá màá ṣì máa bá yín jiyàn pé àìgbọ́n lásán ni tèmi. Àmọ́ ìgbà tí ẹlòmíì bẹ̀rẹ̀ sí í ru ẹrù yẹn, tí mo ń wo ojú rẹ̀, ni ìdákẹ́ mi di nǹkan mìíràn. Géètì tí Bàbá ń ṣọ́ kọ́ ni ọṣẹ gbà jáde. Ọwọ́ mi tó fọwọ́ sí ìwé ló gbà á jáde.

Lóṣù tó kọjá, mo pàdé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní Ìjú. Ó ní Bàbá ṣì wà láàyè, ó wà lábúlé wọn lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ojú ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mo ti gba nọ́ńbà. Lọ́jọ́ Sátidé yìí, tí Olúwa bá fẹ́, mò ń lọ. Mo ti kó owó oṣù kan tí wọn ò san fún un jọ, mo mọ̀ pé ìyẹn kọ́ ni gbèsè náà. Ẹ bá mi fi sí àdúrà. Mi ò tíì mọ bí màá ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.